Èémí Lábẹ́ Omi: Yíyan Ohun Èlò Amòòkùn àti Lílò Rẹ̀ Láìfi Ẹ̀mí Wewu

1. Ìfáárà

  

Ó dá mi lójú pé ẹnu ya ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ rí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ tí ẹ mọ̀ mọ́ ewì àti ìtàn àròsọ, kí ni ó kàn án nínú ohun èlò tí ènìyàn fi ń mí lábẹ́ omi? Ìdáhùn mi pín sí ọ̀nà méjì.

Èkínní ni pé ẹ̀bá ọ̀sà ni a bí mi sí. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ṣe ń mòòkùn, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Títí di òní olónìí, àwọn ọkùnrin wà lórí ọ̀sà Èkó tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa mòòkùn lọ bu yanrìn tí a fi ń kọ́lé. Àkàsọ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀, garawa ni wọ́n fi ń bù ú, èémí kan ṣoṣo tí wọ́n mí sínú ní òkè ni wọ́n sì ń gbé lọ sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí kò sì kọ́ wọn ní ìlò rẹ̀, ikú ni ó gbé lé wọn lọ́wọ́. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Èkejì ni pé ìmọ̀ tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó gbọ́ èdè òyìnbó nìkan. Bí èdè Yorùbá bá lè ṣàlàyé ikú nínú orin arò, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹra fún ikú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brasil, níbi tí mo ti ń ṣe ìwádìí lórí àwọn orin tí àwọn baba ńlá wa gbé kọjá òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀ rọ̀ mí pé kí n kọ́ bí a ṣe ń fi ohun èlò mòòkùn. Mo gbà, nítorí mo rò pé kò sí ohun tí wọn óò fi kọ́ ọmọ ọlọ́sà nípa omi. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a wà ní nǹkan bí mítà 10 sí ìsàlẹ̀, omi wọ inú ìbòjú mi, ojú mi sì ṣú. Kí ni mo ṣe? Mo ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré: mo pa ẹnu dé, mo sé èémí, mo sì kọjú sí òkè. Obìnrin tí ń kọ́ wa di ẹ̀wù mi mú gírígírí. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ̀ mí ní ikùn díẹ̀díẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ ni ó tó sọ fún mi pé bí òun bá ti jẹ́ kí n lọ bí mo ṣe fẹ́ lọ, ẹ̀dọ̀fóró mi ìbá ti ya kí n tó rí oòrùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ohun tí mo mọ̀ dájú láti kékeré ni ó fẹ́ pa mí. Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí láti bá yín sọ.

2. Orúkọ àti Ìtumọ̀

Kì í ṣe pé a kò ní ọ̀rọ̀. Mòòkùn ni Yorùbá ń pe kí ènìyàn fi orí wọ inú omi kí ó sì máa lọ ní abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni amòòkùn. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kò dùn létí àwọn kan, nítorí a máa ń fi kìlọ̀ fún amòòkùn-jalè pé bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Ṣùgbọ́n olè jíjà ni ó ba orúkọ náà jẹ́. Iṣẹ́ mímòòkùn fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Oríṣi amòòkùn méjì ni ó wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Amòòkùn aséèémí ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: ó mí sínú ní òkè, ó sé èémí, ó lọ, ó sì bọ̀. Amòòkùn elérò ni èyí tí ó gbé afẹ́fẹ́ dání nínú sìlíńdà irin, tí ó sì ń mí lábẹ́ omi bí ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀. Ojúlówó òfin èkínní ni pé kí ó sé èémí. Ojúlówó òfin èkejì ni pé kò gbọdọ̀ sé èémí láéláé. Ẹni tí ó bá fi òfin ti àkọ́kọ́ ṣe ti èkejì ti sọnù.

Àṣìpè kan tún wà tí mo fẹ́ tọ́ sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí ó wà nínú sìlíńdà amòòkùn ní ọ́síjìn. Kì í ṣe ọ́síjìn lásán. Afẹ́fẹ́ bí irú èyí tí a ń mí yìí ni, tí a sẹ́, tí a sì fún pọ̀. Bí a bá rọ ojúlówó ọ́síjìn nìkan sínú rẹ̀, tí ènìyàn sì gbé e kọjá nǹkan bí mítà 6, ọ́síjìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di májèlé: gìrì lè mú un lábẹ́ omi, kí ó sì mu omi kú. Àṣìpè lè di àṣìrà, àṣìrà sì lè di òkú.

3. Ìwúwo Omi àti Ìwà Afẹ́fẹ́

Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká ń tẹ̀ wá nígbà gbogbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wa kò fura. Bí ènìyàn bá wọ inú òkun lọ tó mítà 10, omi tí ó wà lókè rẹ̀ yóò fi irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan kún un. Ní mítà 10, ìtẹ̀ náà di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ọdún 1662 ni Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Ireland, gbé òfin kan jáde tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Òfin náà ni pé bí a bá sọ ìtẹ̀ orí afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì, ààyè tí afẹ́fẹ́ náà gbà yóò di ìdajì. Bí a bá sì dín ìtẹ̀ náà kù, afẹ́fẹ́ yóò tún gbòòrò.

Ẹ jẹ́ kí a wo amòòkùn aséèémí. Ó kó afẹ́fẹ́ lítà 6 sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní òkè. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, omi ń fún un pọ̀. Ní mítà 10 ó ku lítà 3. Nígbà tí ó bá gòkè, ó padà di lítà 6. Gbèsè kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Amòòkùn elérò ńkọ́? Òun ń mí ní mítà 10, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń fún un ní afẹ́fẹ́ tí ìtẹ̀ rẹ̀ bá ti omi mu. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún fún lítà 6 ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sé èémí kí ó tó máa gòkè, lítà 6 náà yóò fẹ́ di lítà 12 kí ó tó yọ orí. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní àyè fún lítà 12. Yóò ya bí bàlúùnù, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè gbé e lọ sínú ọpọlọ. Kò pọn dandan kí omi jìn kí èyí tó ṣẹlẹ̀: omi tí kò ju mítà 2 lọ lè ya ẹ̀dọ̀fóró tí ó kún fọ́fọ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé nítòsí òkè ni ewu yìí ti le jù. Láti mítà 30 sí mítà 20, afẹ́fẹ́ kan fi ìdámẹ́ta ara rẹ̀ gbòòrò sí i ni. Láti mítà 10 sí ojú omi, ó di ìlọ́po méjì. Ibi tí ènìyàn ti ń rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ọkàn rẹ̀ ti ń sọ pé òun ti bọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó ti rọra jù.

4. Bí Ohun Èlò Náà Ṣe Dé Ọwọ́ Wa

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ́ lábẹ́ omi ní láti dé akoto bàbà ńlá, kí àwọn ènìyàn sì máa fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú ọkọ̀ nípasẹ̀ rọ́bà gígùn. Ibi tí rọ́bà náà bá dé ni agbára rẹ̀ mọ. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì kan, Jacques Cousteau, ọ̀gágun ojú omi, àti Émile Gagnan, ẹlẹ́rọ, ṣe rẹ́gúlétọ̀ kan tí kì í tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ àyàfi ìgbà tí amòòkùn bá fà á, tí afẹ́fẹ́ náà yóò sì bá ìtẹ̀ omi mu ní ibikíbi tí ó bá wà. Láti ìgbà náà ni amòòkùn ti di òmìnira. Ṣùgbọ́n òmìnira ní owó orí tirẹ̀: kò sí ẹnikẹ́ni ní òkè mọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú fún un. Òun ni yóò máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ara rẹ̀.

5. Yíyan Ohun Èlò

Ìbòjú onídígí ni mo máa fi ṣáájú, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ dà mí. Ìbòjú amòòkùn gbọ́dọ̀ bo imú mọ́ ojú. Gíláàsì kékeré tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò, tí ó bo ẹyinjú nìkan, kò dára fún ìsàlẹ̀ omi. Bí omi bá ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, amòòkùn ní láti lè fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa fa ẹyinjú. Bí a ṣe ń dán an wò rọrùn. Ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ dè é, kí ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú láìjábọ́, ó bá yín mu. Ẹni tí ó dá irun sí òkè ètè, tàbí tí irun orí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ etí rọ́bà ìbòjú, yóò máa rí omi nínú rẹ̀. Ìbòjú ọ̀rẹ́ ẹni lè má bá ojú ẹni mu. Nítorí náà ẹ má ra á nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Bàtà onílẹbẹ, tí ó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ni amòòkùn fi ń wẹ̀. Kí ó má fún ẹsẹ̀ débi pé yóò kú tipiri, kí ó má sì tú débi pé yóò bọ́. Aṣọ rọ́bà ńkọ́? Àwa tí omi wa lọ́ wọ́ọ́wọ́ máa ń rò pé kò kàn wá. Omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe lọ. Omi tí ó tutù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè mú ènìyàn gbọ̀n lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ tí ó bá sì ń gbọ̀n kò lè tú ìdè.

Ìgbànú òjé ni ó ń mú ara wa wọ omi, nítorí ara àti aṣọ rọ́bà máa ń fẹ́ léfòó. Òjé tí ó bá pọ̀ jù ń fa ènìyàn sínú ọ̀gbun. Èyí tí ó bá kéré jù kò ní jẹ́ kí ó lè dúró ní ibi tí ó yẹ nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Ẹ dúró sínú omi, kí ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù yín, kí ẹ mí bí ẹ ti máa ń mí. Bí omi bá mọ yín dé ojú, tí ẹ sì ń rì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá mí síta, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ tí ó kún inú sìlíńdà lítà 12 wúwo tó nǹkan bí kílò 3, bí ó bá sì ti ń tán ni ara yóò máa fúyẹ́ sí i. Ìdè ìgbànú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ kò ní àkókò fún kókó.

Ẹ̀wù ìléfòó ni ẹ̀wù aláìlápá tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí a sì tún tú u. Òun ni ó ń mú kí amòòkùn dúró láàárín omi láìrì, láìgòkè. Kí ẹ tó rà á, ẹ fẹ́ ẹ kún, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ léraléra: bí ó bá há mọ́lẹ̀, ẹ̀wù náà lè máa kún fúnra rẹ̀ lábẹ́ omi kí ó sì gbé yín fò lọ sókè, ohun tí mo ti ní kí á bẹ̀rù.

6. Sìlíńdà, Rẹ́gúlétọ̀ àti Ìṣirò Afẹ́fẹ́

Nínú gbogbo ohun èlò yìí, sìlíńdà àti rẹ́gúlétọ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Sìlíńdà tí ó kún ń ru nǹkan bí 200 bar, ìyẹn ni pé ìtẹ̀ inú rẹ̀ tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ láti inú, ó lè bẹ́ bí àdó olóró. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń lu ọjọ́ àyẹ̀wò mọ́ ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin ní kí á fi omi dán agbára rẹ̀ wò, àṣà àwọn amòòkùn sì ni kí wọ́n máa wo inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Sìlíńdà tí ẹ kò bá rí ọjọ́ lára rẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má sì yá a.

Ibi tí a ti rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà kì í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń rọ afẹ́fẹ́ mímí. Òróró inú rẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹnu tí ẹ̀rọ náà fi ń fa afẹ́fẹ́ bá súnmọ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí, èéfín olóró yóò wọ inú sìlíńdà. A ti mọ̀ nílẹ̀ wa bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe ń pa odidi ìdílé sójú oorun. Lábẹ́ omi, oró rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ní òórùn tàbí adùn lẹ́nu, ẹ má mí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé imú nìkan, nítorí èyí tí ó burú jù nínú èéfín náà kò ní òórùn rárá. Ẹ lọ fi ojú wo ibi tí ẹ̀rọ náà wà.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi gáàsì dáná mọ iṣẹ́ rẹ́gúlétọ̀: òun ni ó ń sọ agbára ńlá inú sìlíńdà di èyí tí iná lè gbà. Ti amòòkùn ń ṣiṣẹ́ yìí ní ìpele méjì. Èyí tí ó wà lórí sìlíńdà ń dín ìtẹ̀ náà kù sí nǹkan bí 10 bar ju ti omi àyíká lọ. Èyí tí ó wà lẹ́nu amòòkùn ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀dọ̀fóró lè gbà. Ẹnu mímí méjì ni ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ó gbé e, ọ̀kan fún ẹnìkejì rẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú.

Kí ẹ tó wọ omi, ẹ ṣí sìlíńdà, kí ẹ fa èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ẹnu rẹ́gúlétọ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ géèjì. Bí ọwọ́ náà bá ń fò sókè sódò bí ẹ ti ń mí, a kò tíì ṣí sìlíńdà tó. Àìmọye amòòkùn ni ó ti fojú fo èyí, tí afẹ́fẹ́ sì wọ́n wọn ní ìsàlẹ̀ nígbà tí sìlíńdà ṣì kún. Lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, kí ẹ kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀ kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ òkun kì í gbàgbé irin.

Ní ti ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a mú sìlíńdà lítà 12 tí ó ní 200 bar. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2400. A kì í lò ó tán: 50 bar ni a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ dè ọ̀ràn. Ó ku lítà 1800. Bí ènìyàn bá ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀, èyí yóò gbé e fún ìṣẹ́jú 90. Ní mítà 10, èémí kọ̀ọ̀kan ń gba ìlọ́po méjì, nítorí náà ìṣẹ́jú 45 ni. Ní mítà 20, ìṣẹ́jú 30. Ní mítà 30, ìṣẹ́jú 22 péré. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ yóò sì tètè tán. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìṣirò yìí kí ó tó wọ omi, ojú omi ni kí ó dúró sí.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé a lè ra tòkunbọ̀. Mo gbà pé a lè ra ìbòjú àti bàtà onílẹbẹ ní tòkunbọ̀, bí wọ́n bá bá ara mu. Ní ti rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀wù ìléfòó àti sìlíńdà, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tú u wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

7. Ohun tí Náítírójìn Ń Ṣe

Afẹ́fẹ́ tí a ń mí, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ náítírójìn. Lórí ilẹ̀ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Lábẹ́ omi, ìtẹ̀ ń mú un yòrò sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ẹ wo ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí: kò sí ohun tí ń hó nínú rẹ̀. Bí a bá ṣí i kíá, ó hó yeruyeru. Bí amòòkùn bá pẹ́ ní ìsàlẹ̀ tí ó sì sáré gòkè, bẹ́ẹ̀ ni náítírójìn yóò ṣe nínú ara rẹ̀: yóò di hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, yóò dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, yóò ta oríkèé, ó lè rọ ènìyàn lápá àti lẹ́sẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ afárá Brooklyn ní New York, tí wọ́n parí ní ọdún 1883, ni àìsàn yìí kọlù lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú àpótí onífẹ́fẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò. Washington Roebling, olórí ẹlẹ́rọ wọn, di aláàárẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1908 ni John Scott Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ewúrẹ́ ṣe ìdánwò, gbé tábìlì àkọ́kọ́ jáde tí ó sọ bí amòòkùn ṣe gbọ́dọ̀ gòkè ní ìpele ìpele. Kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn amòòkùn ń so mọ́ ọwọ́ lónìí, ọmọ ọmọ tábìlì yẹn ni.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé lóde òní ni pé kí a má gòkè ju nǹkan bí mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí a sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3 kí a tó jáde. Lẹ́yìn náà, kí a má wọ ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí 12 ó kéré tán bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni a mòòkùn, àti wákàtí 18 bí ó bá jẹ́ léraléra, nítorí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà kéré sí ti ilẹ̀.

Kò pọn dandan kí n wá àpẹẹrẹ lọ sí òkèèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé nínú òkun nítòsí Escravos ní ilẹ̀ wa. Ènìyàn méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, mọ́kànlá kú. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, wà láàyè fún nǹkan bí wákàtí 60 nínú ihò kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí, ní nǹkan bí mítà 30 sí ojú omi. Àwọn amòòkùn tí wọ́n wá gbé òkú ni wọ́n bá a láàyè. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí kò mọ̀ sọ pé kí wọ́n sáré gbé e jáde. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgò mínírà ni. Ọkùnrin yìí kò gbé sìlíńdà kankan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ti ń mí láti ọjọ́ méjì ti di ìlọ́po mẹ́rin, ara rẹ̀ sì ti kún fún náítírójìn. Wọ́n wọ ohun èlò amòòkùn fún un, wọ́n mú un lọ sínú agogo amòòkùn, láti ibẹ̀ dé inú yàrá irin tí a ti ń dín ìtẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lò tó nǹkan bí ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Sùúrù àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ó parí ohun tí orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun náà sì padà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn.

Náítírójìn tún ní ọgbọ́n àrékérekè kejì: ó ń pani bí ọtí. Láti nǹkan bí mítà 30 lọ, ọkàn amòòkùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ láìnídìí, ó lè gbàgbé géèjì rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí ó gòkè díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi mítà 18 ṣe ààlà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, tí wọ́n sì fi mítà 40 ṣe òpin fún gbogbo ẹni tí ń ṣe é fún ìgbádùn.

8. Èdè Ọwọ́ àti Ẹnìkejì

Ní ibi tí ohùn kò ti lè jáde, ọwọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Èyí wú èmi olùkọ́ èdè lórí. Bí amòòkùn bá na àtàǹpàkò sókè, kò sọ pé ara òun dá o; ohun tí ó ń sọ ni pé kí a gòkè. Bí ó bá fẹ́ sọ pé àlàáfíà wà, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka. Bí ó bá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ gé ọ̀fun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán. A mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wa pé àdéhùn àwọn tí ń lo àmì ni ó ń fún un ní ìtumọ̀. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àṣìtumọ̀ ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù máàkì. Lábẹ́ omi, ẹ̀mí ni a ń fi san án. Kí àwọn méjì tó wọ omi, kí wọ́n jọ ka àmì wọn fún ara wọn.

Mo sọ pé àwọn méjì, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. A kì í dá mòòkùn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ ẹnìkejì wò: ẹ̀wù rẹ̀ ń kún, ó sì ń tú bí? Òjé rẹ̀ pé, ìdè rẹ̀ sì ṣeé tú bí? Gbogbo okùn rẹ̀ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ṣí tán bí? Ìbòjú àti bàtà rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kí ó dúró sílé, nítorí afẹ́fẹ́ kò ní lè wọ inú etí rẹ̀ láti dojú kọ ìtẹ̀ omi, awọ inú etí sì lè ya. Ẹni tí ó mutí ní òru àná, kí òun náà dúró. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ pé òun kò lọ mọ́, kódà bí ó bá ti wọ ẹ̀wù tán.

9. Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ń sọ bọ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ẹ máa mí nígbà gbogbo, ẹ má sé èémí. Ẹ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba ohun èlò tí ẹ kò tíì fi ojú yín yẹ̀ wò. Àlàyé ni gbogbo ìyókù.

Kò sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ mi yìí lè sọ di amòòkùn. Ọwọ́ olùkọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí, nínú omi tí kò jìn, ni a ti ń kọ́ ọ. Ohun tí ìwé lè ṣe ni kí ó mú kí ènìyàn mọ ìbéèrè tí yóò bi olùkọ́ náà àti ẹni tí ń ta ohun èlò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè bá àwọn ẹlẹ́rọ àti àwọn dókítà jókòó, kí a kọ ìwé pélébé tí ó ní àwòrán ní èdè Yorùbá nípa omi, kí a sì gbé e lọ fún àwọn apẹja, àwọn abuyanrìn àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó wà ní etí ọ̀sà. Àwọn baba wa fi òwe kan ṣoṣo kìlọ̀ fún òmùwẹ̀. Àwa tí ẹ̀rọ tuntun dé bá, ó yẹ kí a fi àlàyé kún òwe náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

 Omi kò ní gbé wa lọ. Àṣẹ.